Ogún Ọdún Nídìí Iná Pópó

Ọdún tí omi gun orí freeway ní Houston níbí, tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá ń léfòó bí igbá, ọdún yẹn ni mo dé. Ẹ má bi mí ní iye tí ọdún náà jẹ́. Àíṣà, ọmọ ọmọ mi tó ń fi fóònù gba ohùn mi kó tó kọ ọ́ sílẹ̀, ní òun lè bá mi wá a. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí omi yẹn bá nílé mọ ọdún tí mò ń wí. Rìsìkátù ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Àíṣà yìí gan-an ni, mo wá bá a tọ́jú ọmọ. Oṣù mẹ́ta péré ni mo dágbére fún àwọn ará ilé ní Ìwó. Ẹ wò mí lónìí.

Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ wa ní mọ́sálásí ló ní kí àwa àgbà máa sọ iṣẹ́ tí a ṣe láyé, kí àwọn tó ń ronú iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́ lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Àwọn tó ti sọ tiwọn ṣáájú mi, dókítà wà níbẹ̀, ẹnjiníà tó ń wakọ̀ lọ sí Energy Corridor, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ epo wà, lójoojúmọ́ wà níbẹ̀. Èmi ò mọ̀wé. Ilé ìdáná ará Ṣáínà ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Irú ló mú mi débẹ̀. Irú ni ìyá mi ń ṣe ní Ìwó títí wọ́n fi kú, inú òórùn irú ni wọ́n bí mi sí. Lọ́jọ́ kan mo pọn Àíṣà, mo ń rìn lọ lẹ́yìn pùlásà, ọ̀wọ́ ilé ìtajà tó wà nítòsí apartment wa, mo dédé gbóòórùn ẹ̀. Mo dúró. Mo ní, irú rèé. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé oúnjẹ kan ló ṣí sílẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó sórí àpótí níbẹ̀, wọ́n gbé ìkòkò kékeré kan sáàárín ẹsẹ̀. Ẹ̀wà dúdú ló wà nínú ẹ̀, èyí tí wọ́n sè, tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ títí tó fi rọ̀, tí wọ́n sì fi iyọ̀ sí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀ àti irú ìyá mi ò tó nǹkan. Mo na ọwọ́, mo fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wò bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe. Ìyá náà ò wo ojú mi, ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò. Wọ́n fún mi ní hóró kan. Mo jẹ ẹ́, mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé ó dára, àmọ́ iyọ̀ ẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Wọ́n fi igi ìjẹun, igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ, lù mí ní ìka.

Pópó nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ìyá àgbà nínú èdè wọn, gbogbo wa la sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Mei, ọmọ wọn obìnrin, ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn níwájú, òun ló sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí mo gbọ́ túmọ̀ èdè láàárín àwa méjèèjì. Nígbà tí ìwé ìgbélùú mi jáde, tí Àíṣà ti ń lọ sí daycare, Mei ní kí n wá máa bá àwọn fọ abọ́. Owó tí wọ́n ń san tó jẹ, kò tó yangàn. Ẹ jẹ́ ká gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níṣẹ́. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà yẹn, mo ti tọ́ ọmọ méjì, mo ti sin ọkọ. Pópó ò ka ìyẹn sí. Atalẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n gé e tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Mo gé e. Wọ́n mú un sókè sí iná, wọ́n wò ó, wọ́n dà á sínú garawa ìdọ̀tí. Mo gé òmíràn. Ó tún di garawa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni garawa fi ń jẹ atalẹ̀ mi.

Mei ní, "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Oṣù méjì lèmi fi gé e. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà yẹn."

Mo ní, "Ṣé o sunkún?"

"Mo sunkún dáadáa."

"Ó dáa, èmi ò tíì sunkún."

Pópó bi Mei pé kí ni à ń sọ. Mei sọ fún wọn. Pópó fèsì kan ṣoṣo, wọn ò gbójú sókè. Mei bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n ní kí ẹ dúró de ọjọ́ àlùbọ́sà."

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Oríṣi oúnjẹ méjì ni wọ́n ń sè níbẹ̀. Ọ̀kan wà fún oníbàárà: adìyẹ pupa tó dùn bí súgà, ìrẹsì díndín, àwọn nǹkan tí àwọn èèyàn ibí gbà pé òun ni oúnjẹ Ṣáínà. Pópó kì í fi ìyẹn sẹ́nu. Èkejì ni ti ilé. Tó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n á ti ilẹ̀kùn iwájú, wọ́n á tẹ́ tábìlì róbótó kan, Pópó á wá gbé oúnjẹ tí àwọn fúnra wọn fẹ́ jẹ jáde. Kò ní ariwo nínú. Ẹja tí wọ́n fi ooru omi sè. Ẹyin pípò tí wọ́n sè títí tó fi ń gbọ̀n nínú abọ́ bíi mọ́ín-mọ́ín tí kò ní ẹ̀wà nínú. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n kàn yí nínú iná lẹ́ẹ̀mejì. Ọbẹ̀ olómi tó ti wà lórí iná láti àárọ̀.

Èmi ò jẹ nínú ẹ̀. Inú fúláàsì mi ni mo ti ń gbé ìrẹsì wá láti ilé, mo sì ń jókòó síbi síńkì jẹ ẹ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé mò ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni, kí n má baà dá wọn láàmú. Àlejò lójú, kò fi ríran. Lọ́jọ́ kan Pópó gba fúláàsì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e ka orí fírísà. Wọ́n sọ̀rọ̀ gígùn. Mei dúró láàárín wa, ojú ń tì í.

Ó ní, "Wọ́n ní ẹni tí kì í jẹ oúnjẹ àwọn ò lè sè é. Wọ́n ní tí oúnjẹ àwọn bá ń rùn sí yín, abọ́ nìkan lẹ máa fọ̀ títí lọ."

Mo ní, "Kò rùn. Oúnjẹ yẹn ń wù mí jẹ lójoojúmọ́. Mùsùlùmí ni mí. Mi ò lè jẹ ẹlẹ́dẹ̀, mi ò sì lè jẹ ohun tí wọ́n sè nínú ìkòkò ẹlẹ́dẹ̀."

Mei túmọ̀ ẹ̀. Pópó gbé fúláàsì mi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì padà sídìí iná. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́. Mo délé, mo sọ fún Rìsìkátù pé kó bá mi wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Mọ́ńdè, wọn kì í ṣí ilé oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Túsìdeè, wọ́ọ̀kì tuntun wà níbẹ̀, ìyẹn ìkòkò irin fífẹ̀ tí wọ́n fi ń se gbogbo nǹkan. Ọ̀bẹ tuntun wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó fẹ̀ bí àdá kékeré, pẹ̀lú pákó ìgẹ́ran tuntun. Pópó ti so òwú aláwọ̀ ewé mọ́ ọwọ́ gbogbo wọn. Mei ní Pópó fúnra wọn wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ẹran àwọn ará Pakísítánì, wọ́n ra adìyẹ hàláàlì, wọ́n sì ní kí alápatà ṣàlàyé ohun tí Mùsùlùmí ń jẹ àti ohun tí kì í jẹ fún àwọn. Alápatà ń sọ èdè tirẹ̀, Pópó ń sọ tiwọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, iná apá òsì di tèmi. Ẹlẹ́dẹ̀ ò kọjá sí apá ibẹ̀ mọ́ fún ogún ọdún. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì mú ọ̀bẹ olówùú, wọ́n á gbọ́ ohùn Pópó dé ojú títì.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èmi ń dúpẹ́ títí di òní.

Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí mo jẹ nídìí tábìlì yẹn, tòmátì àti ẹyin ni. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbé e dé. Oko la ti ń fi irú ẹ̀ jẹ iṣu. Àmọ́ Pópó fi súgà bíńtín sí i, ẹyin náà rọ̀, omi tòmátì ẹ̀ ń wọ inú ìrẹsì funfun lọ, mo sì jẹ abọ́ méjì. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ejìnrìn wá. Ejìnrìn o, èyí tí ìyá mi ń fún sínú omi ìwẹ̀ ọmọ tí ara ń yún. Àwọn ń jẹ èso ẹ̀ ní tiwọn, ó tóbi bí ọwọ́, wọ́n gé e, wọ́n sì fi ẹ̀wà dúdú yẹn yí i. Ó korò. Mo fẹ́ tu ú, mo rí i pé Pópó ń wò mí. Mo gbé e mì. Nígbà tó yá, ẹnu mi wá ń dùn láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun wá. Pópó mi orí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi igi ìjẹun wọn bu òmíràn sínú abọ́ mi.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọn kì í sọ pé iṣẹ́ rẹ dára. Inú abọ́ rẹ lo ti máa rí i. Ọjọ́ tí mo bá gé atalẹ̀ dáadáa, wọ́n á bu itan adìyẹ fún mi. Ọjọ́ tí mo bá jẹ́ kí ìrẹsì jóná, ìrẹsì jíjóná ni wọ́n máa bù. Ẹ̀kọ ìrẹsì wà tí wọ́n ń mu láàárọ̀, ó jọ ògì wa, àmọ́ wákàtí mẹ́ta ló ń wà lórí iná. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ọ. Ọjọ́ tí mo sè é tó jẹ́ bó ṣe yẹ, Pópó mu ún tán, wọ́n yí abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n rí ìsàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n sì lọ jókòó sórí àpótí wọn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé, nítorí wọn ò ní mọ ohun tó jẹ́. Ìdí iṣẹ́ ẹni la ti ń mọ ni lọ́lẹ, ibẹ̀ náà la ti ń mọ ni lákin.

Irinṣẹ́ ń yí padà bí ọdún ṣe ń lọ. Ẹ̀rọ ìsèrẹsì dé, Pópó gbà á, wọ́n ní ìrẹsì ni ẹ̀rọ lè sè, kò lè se ẹ̀kọ. Ẹ̀rọ tó ń gé ẹ̀fọ́ dé, wọ́n wo atalẹ̀ tó gé, wọ́n dà á sínú garawa. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Èyí tó dà wá láàmú ni sikírínì. Tẹ́lẹ̀, ẹnu ni Mei fi ń pe oúnjẹ tí oníbàárà fẹ́ láti iwájú, àwa á sì há a sórí. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù béèrè oúnjẹ láti ilé wọn ní Sugar Land, Mei gbé sikírínì kan kọ́ sí ògiri, ọ̀rọ̀ ń yọ lára ẹ̀ ṣáá. Pópó ò mọ̀wé, èmi ò mọ̀wé. A wo ara wa. Pópó mú táwẹ̀lì, wọ́n fi bo sikírínì náà bí ẹni bo òkú.

Mei ní, "Ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ lé oníbàárà mi lọ."

Mo ní, "Kì í ṣe àwa méjèèjì. Màmá rẹ ló bò ó."

Pópó ní kí ni mo wí. Mei sọ fún wọn. Wọ́n ní òfófó ò sí nínú iṣẹ́ tí àwọn kọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kejì Mei fi àwòrán rọ́pò ọ̀rọ̀, àwòrán ẹja fún ẹja, àwòrán adìyẹ fún adìyẹ, a sì gbà pẹ̀lú ẹ̀.

Ó wá ku ti ọjọ́ ẹja.

Ó tó ọdún méje tí mo ti wà níbẹ̀. Pópó ní ọmọkùnrin kan, Ming. Ọkọ̀ ojú omi ni iṣẹ́ tirẹ̀, ọkọ̀ kékeré alágbára tó ń fa àwọn ọkọ̀ epo ńlá wọ Ship Channel lọ sí Deer Park. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ráyè wálé. Lọ́jọ́ tí ọdún wọn máa yí, ó wálé, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ oníbàárà láti ọ̀sán, àwa mẹ́rin jókòó nídìí tábìlì: Pópó, Mei, Ming àti èmi. Mo dúpẹ́ nínú ara mi pé wọ́n pè mí, nítorí ará ilé nìkan ni wọ́n ń bá jẹ oúnjẹ ọjọ́ yẹn. Ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun.

Ẹja odidi kan ni wọ́n gbé sáàárín, wọ́n kọ orí ẹ̀ sí Pópó. Èmi ni mo sè é. Atalẹ̀ tín-ín-rín lórí ẹ̀, àlùbọ́sà eléwé, òróró gbígbóná tó ń ta ṣáṣá. A jẹ ẹ̀gbẹ́ òkè tán. Pópó dìde lọ gbé ọbẹ̀. Mo wo àwo náà, mo rí i pé egungun ló kọjú sí ibi tí ìyá àgbà máa jókòó. Ní ilé wa, ta ló ń fi egungun sílẹ̀ de àgbà? Mo mú ṣíbí, mo mú igi ìjẹun mi méjèèjì, mo sì yí ẹja náà dé. Kò tilẹ̀ já. Ọgbọ́n ọwọ́ tí mo fi ṣe é wú èmi gan-an lórí. Mo gé ibi tó sanra jù nínú ẹ̀gbẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn, mo bù ú sínú abọ́ Pópó kí wọ́n tó dé.

Nígbà tí mo gbójú sókè, igi ìjẹun Mei ti dúró lófuurufú. Ming rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ó ti tán, ọkọ̀ mi ti dojú dé." Mei gbá a lápá. Pópó ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọbẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n wo ẹja náà. Wọ́n jókòó, wọ́n bu ọbẹ̀ fún gbogbo wa. Wọn ò fọwọ́ kan ohun tí mo bù fún wọn.

Ibi tí a ti ń fọ abọ́ ni Mei ti sọ fún mi. Apẹja ni baba Pópó, apẹja ni ọkọ wọn. Nínú ilé apẹja lọ́dọ̀ tiwọn, ẹnikẹ́ni kì í yí ẹja dé nínú àwo, nítorí bí ẹja bá dé, ọkọ̀ lójú omi náà á dé. Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ojú omi ló ń sùn.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá, okùn já lórí ọkọ̀ Ming. Okùn náà nà án lẹ́sẹ̀, ó ṣubú sómi. Wọ́n yọ ọ́ láàyè, Alihamudulilai, àmọ́ ẹsẹ̀ kan ṣẹ́ síbi méjì. Mei ló fi fóònù pe Rìsìkátù láti ọsibítù.

Jìnnìjìnnì mú mi. Mùsùlùmí ni mí, mo mọ̀ pé kádàrá ló ń darí ohun gbogbo, ẹja ò lè ṣẹ́ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Rìsìkátù wí: "Mummy, ẹ ò lè gba ìyẹn gbọ́. Okùn tó ti gbó ló já." Mo mọ̀. Àmọ́ ọwọ́ mi yìí ló yí ẹja náà, ojú mi yìí ló rí abọ́ tí Pópó ò fọwọ́ kàn. Mo ní kó sọ fún wọn pé ara mi ò yá. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wà nílé. Lúkùmọ́nù, ọmọ mi kejì tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ epo ní Deer Park, wá kí mi. Ó ní, "Mummy, ó ti tó. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ má padà síbẹ̀ mọ́, wọn ò ní wí nǹkankan fún yín, gbogbo ẹ̀ á kàn rọlẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó dùn mọ́ mi létí. Ìyẹn lohun tí mo fẹ́ gbọ́. Kí n má padà, kí n má rí ojú Pópó mọ́ láyé. Ọjọ́ karùn-ún, mo kírun àsùbá tán, mo gbé ìrẹsì kaná láti se ẹ̀kọ, nítorí ara mi ti mọ́ ọn ní ìdájí. Mo ń rò ó, mo ń ronú. Obìnrin kan wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ alápatà tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ nítorí tèmi. Ọdún méje ni kò jẹ́ kí ẹlẹ́dẹ̀ kan iná mi. Ọmọ rẹ̀ wá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi ní ara mi ò yá. Mo rọ ẹ̀kọ náà sínú fúláàsì, mo sì fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Pópó nìkan ló wà nílé ìdáná. Wọ́n ń bó atalẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí omi abọ́ ń dà sí. Wọ́n dá ọ̀bẹ dúró. Lọ́dọ̀ tiwọn, Mei sọ fún mi lẹ́yìn náà, òkú ni èèyàn ń kúnlẹ̀ fún. Wọ́n fa apá mi, wọ́n ní kí n dìde, mo kọ̀. Mo ní, "Pópó, ẹja." Òun nìkan ni mo lè fi èdè wọn sọ. Wọ́n kígbe pe Mei láti iwájú.

Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọ́n ń bínú. Mei ń túmọ̀ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ọmọ àwọn ṣẹ́, ẹ̀yin náà sì sá. Wọ́n ní àwọn rò pé ẹ̀rù orí burúkú ilé yìí ló ń bà yín, pé ẹ ò fẹ́ kó ràn yín."

Mo ní, "Èmi kọ́. Èmi ni mo yí ẹja. Mo rò pé ẹ ò ní fẹ́ rí mi mọ́."

Mei túmọ̀. Pópó wá jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọn ò wo mí.

Mei ní, "Wọ́n ní ẹja yẹn dun àwọn, àwọn ò ní purọ́. Àmọ́ okùn ló já, kì í ṣe ẹja. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti wọ ilé ọkọ, ìyá ọkọ àwọn ń fún àwọn ní egungun. Ọmọ ń fún àwọn ní ohun tí ọmọ bá jẹ kù. Wọ́n ní láti ìgbà tí ìyá àwọn ti kú, ẹnikẹ́ni ò bu ẹ̀gbẹ́ ẹja tí wọn ò tíì jẹ fún àwọn rí. Wọ́n ní àwọn ń rò ó ní ọsibítù."

Mo gbé fúláàsì fún wọn, mo ní ti Ming ni. Wọ́n ṣí i, wọ́n fi ṣíbí tọ́ ọ wò. Wọ́n ní iyọ̀ ẹ̀ pọ̀ díẹ̀.

Kí á tó lọ sí ọsibítù, wọ́n gbé ẹja kan kaná, èyí tí kò ju ọwọ́ lọ. Nígbà tó jinná, wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n fi igi ìjẹun ṣí ẹ̀gbẹ́ òkè sọ́tùn-ún sósì, wọ́n di ìrù mú, wọ́n sì gbé odindi egungun náà sókè wẹ́rẹ́ bí ẹni ká ẹní. Ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀ funfun, láìyí ẹja dé. Wọ́n ní kí n ṣe tèmi. Mo ṣe é, egungun ya. Wọ́n tún gbé òmíràn kaná. Ẹja mẹ́ta la fi kọ́ ọ láàárọ̀ yẹn, a sì jẹ gbogbo wọn.

Ming rìn padà. Ó ń tiro díẹ̀, ó kúrò lójú omi, ó wá ń bá Mei dúró níwájú. Ọdún mẹ́tàlá ni mo tún lò níbẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, kí eékún mi tó ní ó tó. Pópó ti lé ní àádọ́rùn-ún báyìí, wọn ò lè dúró nídìí iná mọ́, Mei ló wà níbẹ̀. Tí mo bá kírun Jímọ́ tán, Rìsìkátù á fi ọkọ̀ gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Èmi ló ń sè, àwọn ló ń bú mi.

Kí n sọ èyí tán. Ó tó ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Lúkùmọ́nù ṣe àṣìṣe kan níbi iṣẹ́. Ó ṣí ohun tí kò yẹ kó ṣí, nǹkan dà nù, kò pa ẹnikẹ́ni lára, àmọ́ ọ̀gá rẹ̀ ló lọ jíhìn ẹ̀ fún àwọn aláṣẹ. Ọ̀gá yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lúkù wá sílé, ó jókòó sórí àga mi, ó ní òun ti kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ sínú fóònù, òun kàn máa fi ránṣẹ́ ni. Ó ní òun ò lè wo ojú ọkùnrin náà. Rìsìkátù wà níbẹ̀. Ó ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ibi iṣẹ́ pọ̀ ní Houston.

Mo ní kí àwọn méjèèjì gbọ́. Mo ní, "Mo ti wà lórí àga yìí rí, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó. Ìtìjú ń sọ fún mi pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ò fẹ́ rí mi mọ́. Irọ́ ni. Ẹni náà jókòó nílé tirẹ̀, ó ń rò pé èmi ni mi ò fẹ́ rí òun. Ká ní mi ò lọ ni, bá a ṣe máa kú láìríra wa mọ́ nìyẹn. Lúkù, ọkùnrin yẹn ń retí rẹ. Bóyá ó máa bú ọ. Jẹ́ kó bú ọ. Dìde, wọ bàtà."

Ó ní, "Mummy, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

Mo ní, "Rìsìkátù, bá mi gbé bàtà ẹ̀ wá."